Ẹni Tó Lé Nínú Ìwé Ìkànìyàn

Kò sóhun tí Bàbá Má-dà-á-nù ń sọ nù láyé yìí. Okùn tí wọ́n fi di ẹrù wá, á tú u, á ká a mọ́wọ́ jẹ́jẹ́, á jù ú sínú agolo. Ìṣó tó wọ́, á fi òòlù nà án títí á fi tọ́. Bébà tí wọ́n fi wé ọṣẹ lónìí, òun náà ló máa fi wé ìṣó fún ẹ lọ́la. Bó o bá ní, "Bàbá, ẹ dà á nù o jàre," á ranjú mọ́ ẹ bí ẹni pé o ní kó gbé ọmọ jù sígbó: "Má dà á nù! Kí ló ṣe é?" Bó ṣe di orúkọ ẹ̀ nìyẹn o. Orúkọ tó wà nínú ìwé ẹ̀ gan-an, ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti pè é gbẹ̀yìn.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, télọ̀ ni. Látìgbà tí ìyá ẹ̀ ti kú, òun àti bàbá ẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé yẹn: ṣọ́ọ̀bù níwájú, yàrá méjì lẹ́yìn, àgbàlá tóóró tí ẹ̀rọ omi wà. Máṣínì Télọ̀ wà lẹ́yìn kọ́tìnì tó pààlà ṣọ́ọ̀bù àti yàrá, ìyẹn ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ ní káńtà ló ń gbọ́, àmọ́ kì í rí ẹni tó ń sọ ọ́. Ohùn ló fi mọ gbogbo oníbàárà.

Àpótí ìjókòó méjì ló wà lẹ́yìn káńtà. Bàbá ń jókòó lórí ọ̀kan. Èkejì, ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé e. Télọ̀ gbé aṣọ oníbàárà kan lé e lọ́jọ́ kan, bàbá ẹ̀ ò sọ nǹkan kan, ó kàn rọra gbé aṣọ náà kúrò. Télọ̀ kàn mirí. Kò ní jẹ́ ká lò ó, kò sì ní dà á nù. Ṣebí ìwà bàbá òun nìyẹn.

Bíríkìlà kan wà tó máa ń wá ra ìṣó láràárọ̀, ọkùnrin gíga kan tí sìmẹ́ǹtì kì í kúrò lára bàtà ẹ̀. Bó bá ti yọ sẹ́nu ọ̀nà báyìí, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin méjèèjì!" Bàbá á dáhùn. Télọ̀ náà á dáhùn látẹ̀yìn kọ́tìnì: "Ẹ káàárọ̀ o, bọ̀ọ̀dá bíríkìlà!" Ó rò pé òun àti bàbá òun ló ń kí. Ta ni ò ní rò bẹ́ẹ̀?

Ìgbà tó yá, wàhálà káńsù dé. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú títì yẹn. Wọ́n ní kí oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan wá fi ìwé hàn bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ti ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fún dé ọwọ́ òun. Ẹni tí kò bá rí nǹkan mú wá kí oṣù tó parí, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pa, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíì.

"Wọn ò tó bẹ́ẹ̀," Bàbá wí. "Bàbá mi ló kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù yìí. Inú ilé yìí ni wọ́n bí mi sí."

"Bàbá mi, ẹnu kọ́ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ mú wá. Ìwé ni."

"Ìwé á wà níbì kan."

"Ibo?"

Bàbá wo agolo okùn, ó wo agolo ìṣó, ó gbójú sókè wo pẹpẹ tí ẹrù ti kún dé àjà. Ẹni tí kì í da nǹkan kan nù, kò mọ ibi tí nǹkan kan wà mọ́.

Orúnkún ò jẹ́ kí Bàbá lè rìn jìnnà, ni Télọ̀ bá da aṣọ bo máṣínì ẹ̀, ó di ọ́fíìsì àkọsílẹ̀.

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn káńsù ni ọ́fíìsì yẹn wà, yàrá gbọọrọ kan tí fèrèsé ẹ̀ ga ju orí èèyàn lọ. Òórùn bébà àtijọ́ àti oògùn eku ló máa kọ́kọ́ kí ẹ. Obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ wọ súwẹ́tà nínú ooru, Màmá Fáìlì ni gbogbo ayé ń pè é. Ó ń rẹ bisikíìtì sínú tíì nígbà tí Télọ̀ wọlé.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, ọmọ mi. Ìbí ni àbí ikú?"

"Ṣọ́ọ̀bù ni, mà."

"Ṣọ́ọ̀bù náà, ìbí àti ikú ni. Bàbá á kú, ọmọ á gbà á. Jókòó."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Màmá Fáìlì gun àkàbà, ó ń sín, ó ń bú eruku bí ẹni tó ń bú orogún. Nígbà tó máa sọ̀ kalẹ̀, ìwé bàbá bàbá Télọ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ kedere pé ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún àkọ́bí ẹ̀ ọkùnrin, wọ́n sì kọ orúkọ.

Télọ̀ pàtẹ́wọ́. "Bàbá mi nìyẹn! Orúkọ ẹ̀ nìyẹn!"

"Rọra. Ó ku ìbí. A bá ti rí ìbí ẹ̀, mo lu òǹtẹ̀, ó parí."

Wọ́n rí ìbí. Orúkọ pé, bàbá pé, ìyá pé, "ilé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù" pé. Màmá Fáìlì ń fi ìka tọ ìlà náà lọ, ìka ẹ̀ wá dúró. Ẹnìkan ti fi bíírò pupa kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà. Ó wò ó, ó dìde, ó lọ fa ìwé ikú yọ, ó ṣí i.

"Ọmọ mi, bàbá ẹ ti kú."

"Ta ló kú? Bàbá mi tí mo fi sílẹ̀ níbi tó ti ń na ìṣó láàárọ̀ yìí?"

"Ibà ló pa á. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni."

"Ẹ má bínú o, mà. Ṣé ọmọ ọdún mẹ́ta ló wá bí mi?"

Màmá Fáìlì rẹ́rìn-ín títí bisikíìtì ọwọ́ ẹ̀ fi já sínú tíì. "Àṣìṣe akọ̀wé ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Wò ó, ìwé ìkànìyàn la máa yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá kà á lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ní ó kú, á jẹ́ pé kò kú nìyẹn. Wọn kì í ka òkú mọ́ èèyàn."

Ó gbé ìwé ìkànìyàn àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé ọdún yẹn sílẹ̀, Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bàbá bàbá ẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá bàbá ẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń lọ síléèwé wà níbẹ̀, bàbá ẹ̀ nìyẹn, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀, ọmọkùnrin míì tó fi díẹ̀ jù ú lọ. Wọn ò kọ orúkọ tiẹ̀. "Ọmọ ilé" ni wọ́n kọ.

"Ta nìyí?" Télọ̀ bi í.

"Bóyá àlejò ni."

Wọ́n ṣí èyí tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ẹlòmíì ló kọ ọ́, ọwọ́ tó wọ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ìyá bàbá ti kú nígbà yẹn. Bàbá bàbá ló kù, àti bàbá Télọ̀ tó ti di géńdé, àti géńdé kan tó fi díẹ̀ jù ú lọ. Ará ilé.

Wọ́n tún ṣí òmíì. Bàbá, ìyá Télọ̀, Télọ̀ fúnra ẹ̀, "ọmọdébìnrin." Àti ọkùnrin kan. Ará ilé.

Télọ̀ fi ìka lé ìlà náà. "Mà, àwa mẹ́ta la wà nínú ilé yẹn nígbà yẹn. Èmi gan-an wà níbẹ̀."

Màmá Fáìlì ti gbé tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọmọ mi, àwọn tó ń ka èèyàn, wọn kì í béèrè pé mélòó ni yín. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn níṣẹ́ nìyẹn, torí àwọn onílé máa ń parọ́. Ẹni tí wọ́n bá fojú rí nínú ilé ni wọ́n ń kà. Bí wọ́n bá kà á tán, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye ẹ̀ sára ilẹ̀kùn, wọ́n á kọjá."

Ṣọ́ọ̀kì. Télọ̀ rántí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nǹkan kà nígbà yẹn, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó ń ka ìka: Bàbá, Màmá, èmi. Mẹ́ta. Mẹ́rin ló sì wà lára ilẹ̀kùn. Ó kígbe pé, "Bàbá mi, wọ́n ṣì wá kà!" Bàbá ẹ̀ jáde pẹ̀lú àkísà tútù, ó ní kó lọ bá ìyá ẹ̀. Bó ṣe ń nu ṣọ́ọ̀kì yẹn, ó ń bojú wẹ̀yìn sínú ṣọ́ọ̀bù, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnìkan.

Màmá Fáìlì pa ìwé dé. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ bi bàbá ẹ. Àmọ́ ní ti káńsù, ó rọrùn. Kí bàbá ẹ kọ ọ́ wá pé ẹni tí wọ́n ní ó kú yìí, kò kú. Wọ́n á rán ẹnìkan wá fojú rí i, bàbá á tẹ̀ka, àá fa igi lé ikú náà lórí. Ṣọ́ọ̀bù yín dọwọ́ yín."

Bàbá ń na ìṣó lọ́wọ́ nígbà tí Télọ̀ délé. Kò tiẹ̀ bọ́ bàtà tó fi bi í: "Bàbá mi, ta ló kú lọ́mọ ọdún mẹ́ta nínú ilé yìí?"

Òòlù dúró lókè. Ó pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí mi. Ìyá mi ní, kí la tún ń lọ gba ìwé míì sí? Ìwé ti wà nílé. Orúkọ ti wà, orúkọ tó dáa, kò sì tíì gbó. Bó ṣe kó aṣọ ẹ̀ fún mi nìyẹn, ó gbé bàtà ẹ̀ fún mi, ó wá fi orúkọ ẹ̀ lé e. Wọn kì í da nǹkan nù nílé wa, ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ọ."

"Àpótí yẹn ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ló ń jókòó."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ibi tí ọṣẹ wà fún oníbàárà. Télọ̀ sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà.

"Ṣé ẹ máa ń rí i ni?"

"Mi ò rí i rí. Àwọn oníbàárà ló ń rí i. Mo lè lọ sí àgbàlá, kí n padà dé, kí wọ́n ní, 'Ẹ má ṣe ìyọnu, bàbá kejì ti dá wa lóhùn.' Ẹ̀rù máa ń bà mí tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, mo rò ó pé láti kékeré ni mo ti ń lo nǹkan ẹ̀, kò sì ní kí n dá a padà lọ́jọ́ kan. Kí ni mo wá ń bẹ̀rù?"

Télọ̀ sọ ohun tí Màmá Fáìlì wí fún un. Bàbá fi òòlù sílẹ̀.

"Mi ò ní tẹ̀ka sí i."

"Bàbá mi! Wọ́n á gba ṣọ́ọ̀bù o! Ibo lẹ máa jókòó? Ibo ni mo fẹ́ gbé máṣínì lọ?"

"Mo ti gba orúkọ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ti gba bàtà. Ikú yìí nìkan ló kù tó jẹ́ tiẹ̀, ìwọ wá ní kí n gbà á?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí ò fẹ́ kí ẹnìkejì gbọ́. "Àti pé, bá a bá sọ fún un pé kò kú, tó bá wá gbà wá gbọ́ ńkọ́?"

Télọ̀ padà sídìí máṣínì ẹ̀. Àmọ́ nígbà tílẹ̀ mọ́, ó padà sí ọ́fíìsì, ó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ìwé náà lórúkọ bàbá ẹ̀. Ó rò pé bí káńsù bá ti dé iwájú ẹ̀, agídí á rọ̀.

Ọ̀sán ni káńsù dé. Bí Télọ̀ ṣe tajú kán rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fún táì mọ́rùn, tó ń ka nọ́ńbà ilé bọ̀ látọ̀ọ́kán, ó sáré sọ fún bàbá ẹ̀. Bàbá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. "Mo ń lọ pọnmi," ó wí. "Kò ní bá mi." Ó gba ẹ̀yìn jáde.

Télọ̀ padà sẹ́yìn kọ́tìnì, ó jókòó ti máṣínì, ó ń rán kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan. Ó ń ro irọ́ tó máa pa. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó wọlé.

"Ẹ káàsán, bàbá. Káńsù ló rán mi wá."

Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ èsì.

"Ẹ̀yin gan-an lẹ ń jẹ́ orúkọ yìí?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pe orúkọ tó wà nínú ìwé, ketekete.

Ó tún dákẹ́.

"Ó dáa, bàbá. Ẹ wá tẹ̀ka síbí. Háà, ọwọ́ yín mà tutù o! Ẹ máa wọ aṣọ tó nípọn, bàbá."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ lórí máṣínì. Arúgbó alágídí. Ó ti yí ọkàn padà, kò kàn fẹ́ kóun gbọ́ ohùn ẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ló wà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fi dún kín-ín, bàbá ẹ̀ wọlé pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, omi ń ta sí i lẹ́sẹ̀. "Ṣé ó ti lọ?"

Máṣínì rán kọ́là náà kọjá etí, ó ń rán afẹ́fẹ́. Télọ̀ fa kọ́tìnì. Kò sẹ́nì kankan. Ìwé kan wà lórí káńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù yìí jẹ́ ti ẹni tó ń jẹ́ orúkọ báyìí, wọ́n ti fojú rí i. Ìtẹ̀ka wà lábẹ́ ẹ̀. Yíǹkì ẹ̀ ò tíì gbẹ.

Bàbá wò ó. Ó wo ìka tiẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ó ní, "Ó ti gbà wá gbọ́."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, bíríkìlà dé. "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá!"

Kò ní "ẹ̀yin méjèèjì." Télọ̀ jáde látẹ̀yìn kọ́tìnì. Bàbá ẹ̀ wà lórí àpótí ẹ̀, ó dáhùn: "Káàárọ̀, ọmọ mi." Bíríkìlà ò wò ó. Àpótí kejì ló kọjú sí, ó ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan tí Télọ̀ ò gbọ́.

"Ìṣó kéékèèké ni o, bàbá."

"Báwo lo ṣe fẹ́ kó pọ̀ tó?" bàbá Télọ̀ béèrè. Ó dìde. "Bíríkìlà, èmi ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀!"

Télọ̀ ò lè wo ibi tí ìṣó wà. Ojú bàbá ẹ̀ ló ń wò, bàbá ẹ̀ sì ń wo ibi tí ìṣó wà. Ó gbọ́ ìró ìṣó nínú ìwọ̀n, wàrà wàrà. Ó gbọ́ bébà tí wọ́n ń ká. Bíríkìlà na ọwọ́, ó gba ìṣó ẹ̀.

"Aǹtí Télọ̀, ara bàbá mà ti yá gágá!" Ó yí padà, ó sì fi èjìká gbá bàbá Télọ̀ tó ti jáde látẹ̀yìn káńtà. Kò ní "ẹ pẹ̀lẹ́." Bíríkìlà tó ń bẹ ewúrẹ́ bó bá fẹsẹ̀ kọ ọ́!

Bó ṣe rí nìyẹn títí di ọ̀sán. Bàbá kọ́kọ́ ń pariwo. Nígbà tó yá, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó jókòó, ó kó ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan.

"Èmi ló wá lé báyìí," ó wí.

Télọ̀ ò jẹ́ kó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lọ mú bàtà wá. "Ẹ wọ̀ ọ́."

"Orúnkún mi..."

"Ẹ fara tì mí."

Wọ́n rin ojú títì yẹn já. Gbogbo ẹni tí bàbá yìí ti ta ọṣẹ fún láti kékeré wọn ló kọjá lára ẹ̀, Télọ̀ nìkan ni wọ́n ń kí.

"Ìwọ nìkan tún dé?" Màmá Fáìlì wí. Ìwọ̀n ara bàbá ẹ̀ wà lápá Télọ̀, ó wúwo, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Mo wá forúkọ ẹnìkan sílẹ̀, mà. Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i."

"Ó ti pẹ́ tí wọ́n bí i?"

"Ó ti pẹ́ gan-an, mà."

"Bó ti wù kó pẹ́ tó, akólòlò á pe baba." Ó fa ìwé yọ. "Ta ni bàbá ẹ̀, ta ni ìyá ẹ̀?"

Télọ̀ sọ ọ́. Bíírò dúró. Màmá Fáìlì wò ó lójú, Télọ̀ náà wò ó. "Ọmọ wọn kejì," Télọ̀ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èkejì." Obìnrin náà fa súwẹ́tà ẹ̀ pọ̀ láyà, ó kọ ọ́.

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

Télọ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bàbá mi, orúkọ wo lẹ fẹ́?"

Bàbá rò ó títí. "Kó má jẹ́ ti bàbá mi," ó wí. "Kó má jẹ́ ti òkú kankan. Tuntun ni mo fẹ́, ọmọ mi. Èyí tẹ́nikẹ́ni ò tíì wọ̀ rí." Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọmọ tí wọ́n ra bàtà fún. Ó fẹnu sí Télọ̀ létí, ó sọ orúkọ kan. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lò ó ná.

Màmá Fáìlì kọ ọ́ parí, ó lu òǹtẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì fò sẹ́yìn, tíì dà nù. "Yéè! Bàbá! Ìgbà wo lẹ wọlé? Ẹ jókòó, ẹ jókòó! Aǹtí yìí, o jẹ́ kí àgbàlagbà wà lórí ìdúró!"

Bàbá jókòó. Omi ló ń bọ́ lójú ẹ̀, kò sì nù ún.

Bí wọ́n ṣe délé, ó ní kí Télọ̀ gbé àkàbà, kó wá nǹkan kan lórí pẹpẹ tó ga jù lọ. Ó dáa tó jẹ́ pé kì í da nǹkan nù. Bàtà ọmọdé ni, awọ ẹ̀ ti le bí pákó. Bàbá nù ún, ó gbé e sábẹ́ àpótí kejì, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ tí sìmẹ́ǹtì ò kúrò lára ẹ̀ tún dún lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin méjèèjì!"

Télọ̀ dá máṣínì dúró lẹ́yìn kọ́tìnì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dáhùn. Ó ń fetí sílẹ̀.

"Káàárọ̀, ọmọ mi," bàbá ẹ̀ wí. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà lè dáhùn tiẹ̀.